Kámẹ́rà Tó Ń Dúró De Ẹ̀rín

Ojú àbúrò rẹ̀ yọ gàdàgbà lára ògiri kóòtù, ó sì dára ju bó ṣe rí lójú ayé lọ.

Àwọ̀ ara rẹ̀ ń dán, kò sí kókó kan, kò sí àbàwọ́n kan. Lábẹ́ ojú òsì, níbi tó yẹ kó ti wú kó sì dúdú, òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níbẹ̀, irú èyí tí ẹni tí kò sùn dáadáa máa ń ní. Ètè rẹ̀ ṣí díẹ̀, eyín funfun hàn láàárín rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wo fọ́tò náà láìmọ ìdí tí wọ́n fi yà á, yóò sọ pé obìnrin yìí ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, onífọ́tò tó ni iṣẹ́ náà, jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì, ó na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ẹ̀rín-Díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo tó ti ń fi jẹun láti ọdún mọ́kànlá: "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Òun alára kì í sábà rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè rí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Fọ́tò náà kò yí padà.

"Ó ku mẹ́wàá," akọ̀wé kóòtù wí, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Èkejì jáde, ó ń dán. Ìkẹta jáde, òun náà ń dán. Títí wọ́n fi dé orí ìkọkànlá, kò sí èyí tí eyín ò ti hàn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n bá dé kóòtù. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà, ó wà níta lọ́dọ̀ olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ìka ya nǹkan sára eruku fèrèsé. Ìyá rẹ̀, àbúrò Ẹ̀rín-Díẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ, ló gbé e kúrò nílé ọkọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ó ní òun ò padà síbẹ̀ mọ́, ọmọ òun náà ò sì ní padà síbẹ̀. Ọkọ ní irọ́ ni, òun ò fọwọ́ kan obìnrin rí láyé òun. Tíṣà ni ọkọ yìí, Tíṣà náà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó máa ń kí tọmọdé-tàgbà lójú ọ̀nà, fúnra rẹ̀ ló sì máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbà pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń di ìkúùkù?

Kò sí ìwé dókítà. Nọ́ọ̀sì àgbà nílé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn, àbúrò Tíṣà ni. Bí ìwé kankan bá máa ti ibẹ̀ jáde, èyí tó máa sọ pé obìnrin náà ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni. Fọ́tò nìkan ló kù. "Fọ́tò yín ti tó, Àǹtí mi," bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ti ń sọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti kó ẹrù rẹ̀ pamọ́ síbi tó dájú.

Lọ́yà Tíṣà dìde. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo.

"Olúwa mi," ó wí fún adájọ́, "ẹ bá mi wo obìnrin yìí dáadáa. Wọ́n ní wọ́n lù ú mọ́jú. Wọ́n ní ojú rẹ̀ fọ́ yánnayànna. Èmi ò rí ojú tó fọ́ o. Obìnrin tó lọ ya fọ́tò, tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ni mo rí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi àánú wo fọ́tò náà bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ tó gba òdo.

Àbúrò Ẹ̀rín-Díẹ̀ yíjú padà wò ó. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó kàn ń wò ó ni, ó ń dúró kó ṣàlàyé, bí ọmọdé ṣe máa ń wo àgbà nígbà tí iná bá kú lójijì. Ẹ̀rín-Díẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú báàgì rẹ̀ láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kan kámẹ́rà. Ó kan sẹ́lótéèpù tó wà lórí rẹ̀.

Kámẹ́rà pẹlẹbẹ ni, kò ju páálí ọṣẹ lọ. Ohun róbótó kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń yí, àwọn àwòrán kéékèèké sì wà lára róbótó náà. Òkè wà fún ẹni tó fẹ́ ya ọ̀nà jíjìn, òdòdó wà fún ohun tó sún mọ́ni, ẹni tó ń sáré wà fún ohun tí kò dúró jẹ́ẹ́, òṣùpá sì wà fún ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Àwòrán orí obìnrin tó dé fìlà gbòòrò náà wà níbẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ló tọ́ka sí i: "Fi síbí, kámẹ́rà á ṣe ìyókù." Kò purọ́. Bí ó bá ti wà lórí obìnrin onífìlà yẹn, kámẹ́rà á wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀, á fi igun mẹ́rin yẹ́lò yí i ká, á sì dúró. Bí eyín bá ti hàn báyìí, kọ́ọ̀! ó ti yà á, kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá dan ojú náà. Irorẹ́ á lọ, àpá á lọ, abẹ́ ojú tó dúdú á mọ́lẹ̀. Kí fọ́tò tó yọ sí gíláàsì ẹ̀yìn, iṣẹ́ ti parí. Kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni.

Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ kọjá sísọ. Ìgbà kan wà tí báàgì ń gbo róbótó náà, tó fi yí lọ síbi tí kámẹ́rà kì í ti í ṣe nǹkan kan sójú ènìyàn, tí Ẹ̀rín-Díẹ̀ ò sì mọ̀. Ó ya obìnrin kan tó fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó fọ fọ́tò náà, ó gbé e fún un. Obìnrin náà wò ó títí. "Ta nìyí?" "Ẹ̀yin ni, mà." "Èmi kọ́ o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó sì rìn ká gbogbo àdúgbò pé onífọ́tò yẹn ò mọ iṣẹ́ mọ́, pé ó sọ òun di ìyá àgbà. Ọjọ́ náà ni Ẹ̀rín-Díẹ̀ mú sẹ́lótéèpù, ó di róbótó náà mọ́ orí obìnrin onífìlà, ìlọ́po mẹ́ta, kó má baà yí kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ó di ọdún mẹ́ta. Ó ti gbàgbé pé nǹkan kan wà lábẹ́ sẹ́lótéèpù náà.

Ó rántí báyìí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, kò tíì ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán tí àbúrò rẹ̀ fi dé, ó fa ọmọ lọ́wọ́. Ojú òsì ti wú pa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú ó tún pọ́n, ètè ìsàlẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ sí i. "Àǹtí mi, ẹ yà mí." Ẹ̀rín-Díẹ̀ gbé kámẹ́rà sókè, omi ojú ò jẹ́ kó ríran. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó ń wo ìyá rẹ̀ lábẹ́ iná funfun ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń na ìka sí ojú ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kíkà.

Ẹ̀rín-Díẹ̀ ò lè fara dà á. Ó gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ àpótí tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa bá iṣẹ́ lọ bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Òun kúnlẹ̀, ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó fi ojú ọmọ sínú aṣọ ara rẹ̀ kó má baà tún rí nǹkan kan kà. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gbọ́ kọ́ọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, kọ́ọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ìrora bá fa ètè àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn tí eyín fi hàn, kámẹ́rà rò pé ẹ̀rín ni. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló dún. Inú Ẹ̀rín-Díẹ̀ tilẹ̀ dùn sí ìró náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ó kéré tán, nǹkan kan ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yìí.

Wọn ò wo àwọn fọ́tò náà. Lọ́yà tí wọ́n fún àbúrò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ tí ìwé ẹjọ́ kún apá rẹ̀ méjèèjì, ló yọ káàdì kúrò nínú kámẹ́rà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó fi í sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó buwọ́ lù ú lẹ́yìn, ó sì fi í lé kóòtù lọ́wọ́. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí wọ́n á fi ṣí i níwájú adájọ́," ó kìlọ̀. "Wọ́n á ní a ti tún un ṣe." Wọ́n sì ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kí ẹnikẹ́ni má baà tún un ṣe.

Ẹ̀rín-Díẹ̀ dìde nínú kóòtù láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

"Ẹ jókòó, mà," akọ̀wé wí.

"Kámẹ́rà ló tún un ṣe!" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Olúwa mi, kì í ṣe èmi o. Kámẹ́rà yìí fúnra rẹ̀ ni."

Lọ́yà àbúrò rẹ̀ sáré wá gbá a létí aṣọ mú, ṣùgbọ́n adájọ́ na ọwọ́. Obìnrin àgbà ni adájọ́, awò ojú rẹ̀ kì í dúró lókè imú. Ó wo Ẹ̀rín-Díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ lè fi hàn wá?"

Inú Ẹ̀rín-Díẹ̀ dùn. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ọ̀fìn: inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé ni wọ́n ní kó wá ṣe. Ó wo yíká, ó rí akọ̀wé kóòtù, ọkùnrin kan tí àpá jàǹbá ọkọ̀ là á lójú láti etí dé igun ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró síbí. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà ò lè mú ẹnu pọ̀, eyín rẹ̀ hàn. Kọ́ọ̀.

Fọ́tò náà yọ lára ògiri. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò tíì ní jàǹbá kankan rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Akọ̀wé náà fọwọ́ kan àpá rẹ̀, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ ò rí i?" Ẹ̀rín-Díẹ̀ wí. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. "Ẹ ò rí i báyìí?"

"A rí i," lọ́yà Tíṣà wí, ó sì súnmọ́ ọn pẹ̀lú sùúrù. "Ẹ ṣeun, mà. Ó yé wa gan-an. Ọdún mélòó lẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí?"

"Ọdún mọ́kànlá."

"Sẹ́lótéèpù tí mo rí lórí kámẹ́rà yín yìí, ta ló fi síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

"Kó má baà yí kúrò níbi tó ti ń… níbi tó ti ń dan ojú."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́ta."

"Gbogbo ẹni tó ti jókòó síwájú yín fún ọdún mẹ́ta, ẹ máa ń sọ fún wọn pé ojú tí ẹ fún wọn kọ́ ni ojú wọn?"

"Wọ́n mọ̀."

"Mo ní ṣé ẹ máa ń sọ fún wọn, mà."

"Rárá."

"Bí mo bá wá sọ fún Olúwa mi pé kò sẹ́ni tó lè fi fọ́tò yín mọ ohun tó wà lójú ènìyàn yàtọ̀ sí ohun tí kò sí níbẹ̀, ṣé mo purọ́ mọ́ yín?"

Ó wá èsì mìíràn. Ó wá a lára ògiri, ó wá a lórí tábìlì adájọ́, ó wá a lójú lọ́yà wọn tó ti tẹrí ba. Kó tó dá a lóhùn, ó ti mọ̀ pé ọwọ́ òun lòun fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àbúrò òun.

"Ẹ ò purọ́," ó wí.

Lọ́yà náà tẹrí ba fún un bí ẹni tó ń dúpẹ́ oúnjẹ, ó padà lọ jókòó.

Adájọ́ ò fi nǹkan falẹ̀. Ó yọ awò ojú, ó fi ìka tẹ ojú méjèèjì, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó rẹ̀. Ó ní òun gbà pé kámẹ́rà náà ń tún ojú ṣe, ìdí nìyẹn tí òun ò fi ní gba fọ́tò kankan tó bá ti inú rẹ̀ jáde. "Mi ò sọ pé obìnrin yìí purọ́," ó wí. "Mo ní mi ò rí i ni." Ọmọ yóò wà nílé bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ ilé-ìwé rẹ̀, ìyá yóò máa mú un ní òpin ọ̀sẹ̀. Oṣù mẹ́rin sí i ni wọ́n á tún jókòó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ yìí, bàbá ló máa mú ọmọ lọ láti ojú ẹsẹ̀.

Bí àwọn ènìyàn ṣe ń jáde, akọ̀wé kóòtù wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀rín-Díẹ̀, ó ń wojú ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó wí lábẹ́lẹ̀. "Fọ́tò mi yẹn… ṣé ẹ lè bá mi fọ̀ ọ́? Èyí tó tóbi."

Ó ṣeé ṣe kí Ẹ̀rín-Díẹ̀ ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lórí àtẹ̀gùn iwájú kóòtù, Tíṣà ti na ọwọ́, ọmọ náà sì ti wo ìyá rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà, ó tún wo ìyá rẹ̀. Àbúrò Ẹ̀rín-Díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún kọ́là aṣọ ọmọ ṣe. Ó tún un ṣe tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ló rán aṣọ náà. Kò sí ohun tó ṣe kọ́là rẹ̀.

"Ó ti tó," Tíṣà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "A ó pẹ́ dé ilé-ìwé."

Ẹ̀rín-Díẹ̀ sún mọ́ wọn. Kámẹ́rà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì dá a padà sínú báàgì. Ọmọ náà rí i. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan fún un, ó dúró ṣánṣán, ó so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì fi gbogbo eyín rẹ̀ hàn, bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ onífọ́tò ṣe kọ́ ọ. Omi ṣì wà lójú rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ kí wọ́n yà á, títí bàbá rẹ̀ fi fà á lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n wa," Tíṣà wí bó ti ń kọjá. "Fọ́tò yín máa ń dára."

Ṣọ́ọ̀bù náà móoru. Ẹ̀rín-Díẹ̀ ṣí fèrèsé, ó tan fáànù, ó gbé ìwé kan láti ibìkan sí ibòmíràn. Àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àpótí oníbàárà nítorí kò sí ìjókòó mìíràn. Ojú rẹ̀ ti san. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti tó fún ara láti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ojú tó wú ti wálẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti padà sí àwọ̀ rẹ̀, ètè ti pàdé. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè yà níbẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ Ẹ̀rín-Díẹ̀ gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ náà ló tan án. Ó ti mọ́ ọn lára jù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná já sẹ́lótéèpù orí rẹ̀. Etí kan ṣí, ìyókù lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́.

"Mo máa já a dànù," ó wí. "Wàá rí i. Mo máa já a dànù lónìí yìí, mo sì máa lọ bá adájọ́ yẹn nílé rẹ̀."

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí mi."

"Mi ò ní fi í sílẹ̀! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi…"

"Ẹ rántí fọ́tò tí mo wá yà," àbúrò rẹ̀ wí, "ìgbà tí mo ní ẹgbẹ́ aránṣọ fẹ́ ṣe káàdì fún wa?"

Ẹ̀rín-Díẹ̀ dúró. "Mo rántí."

"Ẹgbẹ́ ò ṣe káàdì kankan."

Fáànù ń yí. Níta, ẹnìkan ń ti ọmọlanke kọjá, ó ń pariwo kí wọ́n yà fún òun.

"Èyí tí mo ní mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́ mi tó wà lókè òkun ńkọ́? Èmi náà mọ ẹnìkan lókè òkun? Àti èyí tí ẹ gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà yẹn."

Ẹ̀rín-Díẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà. Fọ́tò ńlá náà wà nínú férémù níbẹ̀ láti ọdún méjì: àbúrò rẹ̀ nínú aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ ń tàn, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Kò sí fọ́tò tó pe oníbàárà wọlé tó o. Àwọn obìnrin á dúró, wọ́n á na ìka sí i, wọ́n á ní, "Bí ti ẹni yìí ni kí ẹ ṣe tèmi."

"Ìyẹn náà?" ó bi í.

"Ìyẹn ló burú jù."

Ẹ̀rín-Díẹ̀ di igi kámẹ́rà mú.

"Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín," àbúrò rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò gbé ohùn sókè. "Tí mo bá ti dé ibí, ẹnu mi á wúwo. Ìtìjú ni. Mo wá ní, ẹ̀gbọ́n mi nìyí, ojú ènìyàn ló fi ń jẹun. Tí mo bá jókòó síwájú rẹ̀, tó tan iná funfun yìí sí mi lójú, á rí i. Mi ò ní í sọ nǹkan kan. Òun ló máa rí i, òun ló máa bi mí."

"Kí ni mo wá sọ?" Ó mọ ohun tó sọ. Ó kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́.

"Ẹ ní kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo sì rẹ́rìn-ín."

Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà ló ń wò. Ó rántí ìyẹn dáadáa báyìí: ó ń wo igun mẹ́rin yẹ́lò, ó ń dúró kí kámẹ́rà dún, ó sì ń ronú nípa oníbàárà tó kàn. Ó tilẹ̀ ti fi àbúrò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kẹta, ó ní, "Ìwọ àti fọ́tò yíyà, ò bá kúkú wá máa gbé ibí." Àwọn méjèèjì ti jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ó fi igi náà sílẹ̀. Ó yí ká kámẹ́rà, ó kọjá sí ìhà kejì, ibi tí kì í sábà dé bí oníbàárà bá ti jókòó. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó fi ìka gbá àgbọ̀n àbúrò rẹ̀ mú, ó sì yí ojú náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé díẹ̀díẹ̀. Ní ìdí irun, lókè ojú òsì, ìlà kan wà níbẹ̀ tí kò gùn ju èékánná lọ. Ó ti pẹ́. Ó ti jinná, irun ò sì hù níbẹ̀ mọ́. Òmíràn wà lẹ́yìn etí.

"Ìgbà wo nìyí?" ó bi í.

"Ìgbà fọ́tò tẹnu ọ̀nà."

Ó fi àtàǹpàkò kan ìlà náà. Ìgbà yẹn ni ẹkún tí àbúrò rẹ̀ ò sun ní kóòtù, tí kò sun lórí àtẹ̀gùn, wá dé. Ó fa ètè rẹ̀ sẹ́yìn, eyín rẹ̀ hàn.

Kọ́ọ̀, kámẹ́rà dún lórí igi rẹ̀.

Ẹ̀rín-Díẹ̀ kò yíjú wò ó. Ojú àbúrò rẹ̀ ló ń wò.